Aago Kan Jálẹ̀ Ọdún Ló Dára fún Ilé Mùsùlùmí



 Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti oúnjẹ, kì í sì í ṣe ti oògùn. Ọ̀rọ̀ aago ni, àti ọ̀rọ̀ oorun tí aago ń gbà lọ́wọ́ wa.

Ẹ rántí òwúrọ̀ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ti 2025. Ọjọ́ Àláàdì, ọjọ́ 30 oṣù kẹta òyìnbó, ni ọ̀pọ̀ mọ́sáláṣí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kí ìrun ọdún. Òru ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti aago síwájú ní wákàtí kan. Aago inú fóònù yí ara rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n aago ara ògiri àti èyí tó wà lára sítóòfù kò yí. Ìyá tó ń wo aago ilé ìdáná bó ṣe ń wẹ ọmọ, tó ń wọ̀ wọ́n láṣọ, tó sì ń ro oúnjẹ ọdún, kò mọ̀ pé wákàtí kan ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wa dé ibi ìrun nígbà tí Lẹ́mọ́mù ti ń ka kútúbà lọ. A fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà nítorí pé ọjọ́ ayọ̀ ni. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Àtìní tí àwọn ọmọ ní láti lọ sílé ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. A ń pe ọmọ, kò dáhùn. A gbé e dìde, ó tún sùn sórí àga. Ó fi omi ra ojú, ó ní òun ti ṣe àlùwàlá.

Ohun tí à ń rí nílé wa lọ́dọọdún nìyẹn. Èrò wa ni pé ó tó àkókò kí ilẹ̀ yìí jáwọ́ nínú yíyí aago lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mú aago kan ṣoṣo, aago Greenwich tí à ń lò nígbà òtútù ni kí wọ́n mú, kì í ṣe aago ìgbà ooru. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò gbà bẹ́ẹ̀, a ó sì gbé ọ̀rọ̀ tiwọn náà yẹ̀ wò.

Ibo ni àṣà yìí ti wá?

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá kò gbọ́ ohun tó ń jẹ́ yíyí aago rí kí a tó dé ìhín. Ní Èkó, àárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí nǹkan bí aago méje ni oòrùn máa ń yọ jálẹ̀ ọdún. Ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa yí aago. Nígbà tí a dé ìhín ni a rí i pé ọ̀sán ìgbà ooru gùn gan-an, tí ti ìgbà òtútù sì kúrú bí ìka ọwọ́.

Kọ́lékọ́lé kan tó ń jẹ́ William Willett ló kọ ìwé pẹlẹbẹ kan ní ọdún 1907. Ó ní àwọn ènìyàn ń sun ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ dànù nígbà ooru. Ó ní kí wọ́n máa ti aago síwájú kí ìmọ́lẹ̀ náà lè bọ́ sí ìrọ̀lẹ́. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀ títí ó fi kú ní 1915. Ogun ló mú kí wọ́n gbà. Jámánì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ti aago síwájú, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1916, kí wọ́n lè dín èédú tí wọ́n ń fi tan iná kù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bá a bọ̀. Lónìí, ọjọ́ Àláàdì tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta ni aago ń lọ síwájú, èyí tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni ó ń padà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí Nàìjíríà fi máa ń fi wákàtí kan ṣáájú wa nígbà òtútù, tí aago wa yóò sì dọ́gba nígbà ooru. Àwọn òbí wa nílé kò yí ohunkóhun. Àwa ni à ń lọ tí à ń bọ̀.

Kí ni ara wa sọ sí i?

Ọlọ́hun fi aago sínú ara ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mẹ́ta ará Amẹ́ríkà, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017 nítorí pé wọ́n ṣàwárí bí aago inú ara yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń sọ fún wa pé oorun ti tó, òun ló ń jí wa, òun ló ń darí bí ara ṣe ń gbóná tàbí tutù àti ìgbà tí ebi máa pa wá. Ìmọ́lẹ̀ ni à ń fi tún un ṣe lójoojúmọ́, pàápàá ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bá wọ ojú wa, aago inú ara a mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pẹ́ lójú wa ní alẹ́, a máa rò pé ilẹ̀ kò tíì ṣú, oorun a sì pẹ́ kó tó dé.

Nítorí náà, bí ìjọba bá ní aago mẹ́fà ti di aago méje, ara wa kò sí níbi ìpàdé tí wọ́n ti sọ ọ́. Ó máa ń gba ara ní ọjọ́ mélòó kan, àwọn mìíràn a tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó bá aago tuntun mu. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sweden, tí wọ́n gbé jáde ní 2008, fi hàn pé ìkọlù ọkàn pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí wọ́n ti aago síwájú. Ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2020, fi hàn pé ìjàm̀bá ọkọ̀ tó ń gba ẹ̀mí pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan péré ni o, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló pàdánù rẹ̀ lóru kan náà.

Nílé Mùsùlùmí, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ

Ẹ̀sìn wa so ìrun mọ́ oòrùn. Kò sí ìjọba tó lè ti Àsùbáà síwájú tàbí fa Mọ̀gàríbì sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ so ara wọn mọ́ aago. Àwa tí a ní láti gbọ́ ti méjèèjì ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù nígbà tí ọ̀kan bá sún tí ìkejì dúró.

Ẹ wo oṣù Rámádánì. Ní 2023 àti 2024, àárín ààwẹ̀ ni wọ́n yí aago. Ní 2023, àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣínu ní nǹkan bí aago 6:20 ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó di ọjọ́ Àláàdì, ó di aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìṣínu sún, Ìṣáì sún, ìrun Àṣàmù náà sún. Àwọn ìdílé tó ń dé láti mọ́sáláṣí ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dé ní mẹ́wàá ààbọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kò sún ní tirẹ̀. Òbí wá ní láti yàn bóyá òun yóò mú ọmọ lọ síbi Àṣàmù tàbí òun yóò jẹ́ kó sùn. Kò yẹ kí òbí máa fi ìbádàgbà ọmọ nínú ẹ̀sìn àti ìlera rẹ̀ dọ́gba lórí òṣùwọ̀n nítorí àṣà tí wọ́n fi ṣọ́ èédú jẹ nígbà ogun.

Ẹ tún wo àwọn nọ́ọ̀sì wa, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tún ọ́fíìsì ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Ní òru tí aago ń padà sẹ́yìn ní oṣù kẹwàá, wákàtí kan náà ni wọn yóò ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru yóò fi wákàtí kan kún un lórí ìdúró. Ẹni tó ń kọ ìgbà tí aláìsàn lo oògùn sínú ìwé ní láti ṣọ́ra kó má baà dà bíi pé oògùn ẹ̀ẹ̀kan ti di ẹ̀ẹ̀mejì. Nílé, bàbá àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó sì ń gún abẹ́rẹ́ yóò máa bi ọmọ pé, "Aago tuntun ni àbí ti àtijọ́ ni mo máa tẹ̀lé?"

Aago wo ni kí a mú?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní aago ìgbà ooru ni kó dúró jálẹ̀ ọdún, kí ìrọ̀lẹ́ lè máa mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn, tí àwa náà wà lára wọn, ní aago Greenwich ni kó dúró, nítorí òun ló sún mọ́ oòrùn jù ní ilẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìgbà òtútù. Ní oṣù kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin àárọ̀ ni oòrùn ń yọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń wọ̀ ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní Glasgow, ó ń tó aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó yọ. Bí a bá wá lo aago ìgbà ooru ní ìgbà òtútù, oòrùn yóò yọ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Glasgow. Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ wa yóò rìn lọ sílé ẹ̀kọ́ nínú òkùnkùn, wọn yóò jókòó sí kíláàsì kí ìmọ́lẹ̀ tó kan ojú wọn. Àsùbáà tó ń wọlé ní aago mẹ́fà kọjá lásìkò yẹn yóò di aago méje kọjá. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá tó ń kírun nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ kí wọ́n tó jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀ yóò ti wà nínú bọ́ọ̀sì tàbí rélùwéè kí àkókò tó wọlé. Ìrun Àsùbáà tí a fi ń kó ọmọ jọ ní òwúrọ̀, ìgbà wo ni a ó tún máa kí i pa pọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbà ooru náà. Ní oṣù kẹfà, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú alẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìṣáì ń tó aago mẹ́wàá ààbọ̀ tàbí mọ́kànlá, bí kàléńdà mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí. Àsùbáà sì ń wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò fẹ́ kí ènìyàn sùn ṣáájú Ìṣáì, kò sì fẹ́ ìtàkúrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá kí Ìṣáì tó sùn ní aago mọ́kànlá, tó jí kí Àsùbáà ní aago mẹ́ta, tó padà sùn ní mẹ́ta ààbọ̀, tó sì gbọ́dọ̀ dìde ní aago méje, wákàtí méje ààbọ̀ ló sùn, ó sì já a sí méjì.

Bí aago Greenwich bá wà nígbà ooru, Ìṣáì rẹ̀ yóò bọ́ sí nǹkan bí aago mẹ́wàá ku díẹ̀, Àsùbáà yóò sì bọ́ sí aago méjì. Àwọn kan yóò pariwo pé aago méjì ti yá jù. Ẹ fi sùúrù ṣírò rẹ̀. Òru kò kúrú sí i, kò sì gùn sí i. Wákàtí mẹ́rin kan náà ló wà láàrin ìrun méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni tó padà sùn ní aago méjì ààbọ̀ yóò ní wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ kí aago méje tó lù, dípò mẹ́ta ààbọ̀. Wákàtí kan ni a fi kún oorun rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo ìgbà ooru. Ẹni tó ní ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà mọ iye tí wákàtí kan bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Ìrun Jímọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní aago Greenwich, oòrùn máa ń yẹ àtàrí ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún sí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, jálẹ̀ ọdún. Aago tí à ń yí ló ń gbé e lọ sí aago kan nígbà ooru. Ìdí nìyẹn tí mọ́sáláṣí fi ń yí àkókò Jímọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí a sì ń padà lọ bẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́ pé kó tún yí àkókò ìsinmi wa. Ẹni tó ti tọrọ àyè lẹ́ẹ̀kan, ojú máa ń tì í láti tún tọrọ rẹ̀. Bí aago bá dúró, Jímọ̀ lè wà ní aago kan jálẹ̀ ọdún. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ó bá ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́, yóò sì wà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò gbà pẹ̀lú wa

Àwọn tó fẹ́ aago ìgbà ooru jálẹ̀ ọdún ní ẹjọ́ tó dáa, a kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù kejìlá, Àílà, Alásàrí àti Mọ̀gàríbì máa ń kó jọ sí àárín aago méjìlá sí aago mẹ́rin, nígbà tí ọmọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí òbí sì wà níbi iṣẹ́. Bí aago bá wà ní ti ìgbà ooru, Mọ̀gàríbì yóò di aago márùn-ún ku díẹ̀, ọmọ yóò ti délé. Òótọ́ ni, àǹfààní ni. Wọ́n tún ní ìrọ̀lẹ́ tó mọ́lẹ̀ ń dín ìjàm̀bá ojú ọ̀nà kù.

Wọ́n dán an wò rí ní ilẹ̀ yìí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1968 títí di oṣù kẹwàá 1971, aago ìgbà ooru ni wọ́n lò jálẹ̀ ọdún. Àwọn tó fara pa lójú ọ̀nà ní òwúrọ̀ pọ̀ sí i, ti ìrọ̀lẹ́ sì dín kù ju bí ti òwúrọ̀ ṣe pọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òfin tó de ẹni tó mutí wakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní 1967, ó sì ṣòro láti mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ aago àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ òfin náà. Ohun tó dájú ni pé ará ìlú kò lè fara da òkùnkùn òwúrọ̀, pàápàá ní Scotland. Nígbà tí wọ́n dìbò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù kejìlá ọdún 1970, aṣòfin 366 ní kí wọ́n fòpin sí i, 81 péré ló ní kó máa lọ. Amẹ́ríkà náà dán an wò ní oṣù kìíní ọdún 1974. Àwọn òbí figbe ta nítorí àwọn ọmọ tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òkùnkùn, wọ́n sì jáwọ́ kí ọdún náà tó parí. Rọ́ṣíà mú aago ìgbà ooru títí lọ ní 2011, ó sì yí i padà sí ti ìgbà òtútù ní 2014. Ẹni tó bá rí ibi tí ará iwájú ti jìn sí kòtò, ó yẹ kó mọ ibi tí yóò fẹsẹ̀ sí.

Ẹ tún wo Mòrókò, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí. Láti 2018 ni wọ́n ti fi wákàtí kan ṣáájú aago Greenwich jálẹ̀ ọdún, ṣùgbọ́n bí oṣù Rámádánì bá dé, wọn a dá aago padà sí ti Greenwich. Ìjọba wọn fúnra rẹ̀ mọ̀ pé nígbà tí ẹ̀sìn bá béèrè agbára ara, aago tó sún mọ́ oòrùn ló rọrùn fún alááwẹ̀. A kò sọ pé kí a ṣe bíi tiwọn, nítorí pé yíyí ṣì ni yíyí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni a mú.

Nípa àwọn ìrun tó ń bọ́ sí àárín iṣẹ́ nígbà òtútù, ìdáhùn wa ni pé àyè ìkírun níbi iṣẹ́ àti nílé ẹ̀kọ́ ló yẹ kí a jà fún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti yàrá tó mọ́ ti tó. Èyí tí a kò lè bẹ ọ̀gá kankan fún ni ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Àwọn onímọ̀ nípa oorun sì wà lẹ́yìn wa. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní 2020, ẹgbẹ́ onímọ̀ oorun ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ ọ́ ní 2024, pé kí wọ́n fòpin sí yíyí aago, kí aago ìgbà òtútù sì dúró jálẹ̀ ọdún.

A kò ní purọ́ pé kò ní ná wa ní nǹkan. Ìrọ̀lẹ́ ìgbà ooru yóò dín ní wákàtí kan. Ẹni tó ń ṣòwò títí alẹ́ àti àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá yóò mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni oòrùn yóò ṣì máa wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹfà. Ilẹ̀ kò ní tíì ṣú ju ti Ìbàdàn lọ. Oòrùn yóò sì tètè yọ, ní aago mẹ́rin ku díẹ̀. Kọ́tìnì tó nípọn ni yóò gba ìyẹn.

Kí ni kí a ṣe báyìí?

Àkọ́kọ́, kí a sọ̀rọ̀. Nígbàkúùgbà tí ìjọba bá pe ará ìlú kó wá dá sí ọ̀rọ̀ aago, àwọn onílé ìtajà, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn eléré ìdárayá máa ń sọ tiwọn. Ó yẹ kí ohùn ìdílé Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí aṣòfin àdúgbò yín. Ẹ má ṣe kọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀; ẹ sọ bí oorun àwọn ọmọ yín ṣe rí ní oṣù kẹfà, ẹ sọ bí Jímọ̀ ṣe ń rí níbi iṣẹ́ yín. A tún rọ àwọn Lẹ́mọ́mù wa àti àwọn ìyá wa nínú ẹgbẹ́ Àsàlátù kí wọ́n jẹ́ kí a jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé.

Ìkejì, kí òfin tó yí, ẹ jẹ́ kí a ṣètọ́jú ara wa. Bí oṣù kẹta bá ń parí lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Àlàrùba. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fa oúnjẹ alẹ́, ìwẹ̀ àti oorun àwọn ọmọ síwájú lójoojúmọ́. Bí ọjọ́ mẹ́rin bá pé, wákàtí kan ti pé láìsí ẹkún. Ẹ yí aago ògiri àti ti sítóòfù ní alẹ́ Sátidé kí ẹ tó sùn. Ní òwúrọ̀ Àláàdì, lẹ́yìn Àsùbáà, ẹ ṣí kọ́tìnì, kí ẹ mú àwọn ọmọ jáde nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn ní alẹ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tan aago inú ara jẹ. Ẹni tó bá lè sùn fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án, kó sùn. Ẹ rọra wakọ̀ ní ọjọ́ Àtìní yẹn. Ẹni tó ń lo oògùn tó ní wákàtí pàtó, tàbí tó ń gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, kó bi dókítà tàbí apoògùn rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Kó má dá a ṣe.

Ìkẹta, ẹ má jẹ́ kí ìkánjú ba ìmọ́tótó jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọmọ tí oorun kò tó máa ń fi ẹnu sílẹ̀ láìfọ̀, a máa fi àlùwàlá ṣeré, a sì máa jáde láìjẹun. Ẹ pa kanrinkan, búrọ́ọ̀ṣì, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àti oúnjẹ àárọ̀ mọ́lẹ̀ láti alẹ́. Òbí tó bá múra sílẹ̀ kì í pariwo ní òwúrọ̀, ọmọ tí wọn kò sì pariwo mọ́ yóò fi ìfẹ́ kí Àsùbáà.

Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Oorun wà lára ìlera yẹn, àmánà ni lọ́wọ́ wa, ti àwọn ọmọ wa sì jẹ́ àmánà ìlọ́po méjì. Ọlọ́hun ti fi oòrùn ṣe aago fún ìrun wa, kò sì yí i padà láti ọjọ́ tí ó ti dá a. Ohun tí a ń bẹ ìjọba ni pé kí aago tiwọn náà dúró sójú kan, níbi tó sún mọ́ oòrùn náà jù.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera, kó bùkún oorun àti ìjí wa, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ wa dàgbà sínú ìrun kíkí. Àmín.